Ọwọ́ Tí Ń Di Bóòtù Ni Ó Ń Gbé Ọkọ̀ Òfurufú Ró

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn wá lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, a kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà pé ọmọ tí kò bá lọ sí yunifásítì ti di ẹni ẹ̀yìn, àti pé ọmọ tí ó bá mú sípánà lọ́wọ́ ti dójú ti ìdílé rẹ̀. Bàbá a ta kòkó, ìyá a ta aṣọ inú àpótí, kí ọmọ lè gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí ọmọ bá gbà á tán, a ká a mọ́ abíyá, a máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, a kì í rí iṣẹ́. Síbẹ̀, bí a bá wí fún bàbá náà pé kí ó fi àbúrò ọmọ yìí sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, inú a bí i, a ní, "Ṣé ẹ rò pé orí ọmọ mi kú ni?"

Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ dá lóhùn lónìí. A sì fẹ́ dá àwọn aṣáájú lóhùn pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n ń kọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú káàkiri tí wọn kò bi ara wọn léèrè ẹni tí yóò máa tún ọkọ̀ náà ṣe. A kò ní fi àlọ́ dáhùn. Amẹ́ríkà ni a ó mú yín lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí ń gan iṣẹ́ ọwọ́ máa ń tọ́ka sí, tí wọ́n ń sọ pé ìwé nìkan ni ó sọ ọ́ di ńlá.

TA NI Ó KỌ́KỌ́ FÒ?

Ní ọjọ́ 17 oṣù December ọdún 1903, ní ìtòsí Kitty Hawk ní ìpínlẹ̀ North Carolina, Orville Wright gun ẹ̀rọ tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wilbur fi igi àti aṣọ ṣe, ó sì fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Kí ni iṣẹ́ àwọn arákùnrin méjèèjì yìí? Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe tí wọ́n sì ń tà ní ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio. Kò sí èyí tí ó gba ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama nínú wọn. Nígbà tí wọn kò rí ilé-iṣẹ́ tí ó lè ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó fúyẹ́ tó fún wọn, wọ́n yíjú sí mẹ́káníìkì tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, Charles Taylor ni orúkọ rẹ̀. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ 6 ni Taylor fi irinṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ́ńjìnnì náà, ẹ́ńjìnnì yìí ni ó sì gbé ènìyàn kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé olódo ni iṣẹ́ ọwọ́ wà fún, ẹ dá wa lóhùn: nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta yìí, ta ni olódo?

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí yunifásítì o. Ẹni tí ó jókòó tí ó ṣírò bí apá ọkọ̀ yóò ti gùn tó, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í di bóòtù. Boeing tìkára rẹ̀ ni ó sọ pé ọkọ̀ 747 ní ẹ̀yà tí ó tó mílíọ̀nù 6, àti pé bí ìdajì wọn jẹ́ ohun tí a fi ń de nǹkan mọ́ nǹkan. Ọwọ́ ènìyàn ni ó fi wọ́n sí ipò wọn. Bí ọwọ́ náà kò bá mọ iṣẹ́, asán ni gbogbo ìṣirò.

KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ TÍ Ó WÀ LẸ́NU Ọ̀NÀ

Níbo ni Amẹ́ríkà ti ń kọ́ ọwọ́ wọ̀nyí? Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú kì í ṣe yunifásítì, kì í sì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó wà láàárín méjèèjì: ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa ń gbà, nígbà mìíràn oṣù díẹ̀ péré. Èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn ti ìjọba ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ọdún 1901. Ní ọdún 1944 òfin fún àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun dé ní owó ẹ̀kọ́; ní 1947 ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman yàn dámọ̀ràn pé kí irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ tàn ká gbogbo ilẹ̀. Lónìí wọ́n tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó mú wọn wúlò. Èkíní, wọ́n sún mọ́ ilé: akẹ́kọ̀ọ́ lè ti ilé bàbá rẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ kí ó sì padà ní alẹ́. Èkejì, owó wọn kéré púpọ̀ sí ti yunifásítì. Láti ọdún 2015 ni ìpínlẹ̀ Tennessee ti ń gba owó ẹ̀kọ́ sí ọrùn ara rẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀kẹta, wọn kì í béèrè ọjọ́ orí. Bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún lè jókòó ti ọmọ ọdún méjìdínlógún, kí ìyá ọlọ́mọ sì wá kẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, èyí tí a fẹ́ kí ẹ̀yin àgbẹ̀ fi etí sí jù: àwọn ará ìlú ni ó ni ín. Ní Illinois, ní Texas àti ní California, owó orí tí wọ́n ń san lórí ilẹ̀ àti ilé wà nínú ohun tí ó ń gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ró, àwọn tí ń san án ni wọ́n sì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tí ń darí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó san owó orí lórí oko rẹ̀ lè dìde ní ìpàdé kí ó béèrè pé, "Kí ni ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa? Iṣẹ́ wo ni wọ́n rí ṣe lẹ́yìn rẹ̀?"

Ní ìlú Everett ní ìpínlẹ̀ Washington ni ilé-iṣẹ́ Boeing tí ó tóbi jù wà, ilé tí a kà sí èyí tí inú rẹ̀ gba ohun jù lọ láyé. Ọdún 1967 ni wọ́n ṣí i fún ọkọ̀ 747. Láti 1941 ni Everett ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀, kò sì jìnnà sí ilé-iṣẹ́ yìí. Ní ìtòsí pápá ọkọ̀ òfurufú kan náà, àwọn ará ibẹ̀ ṣí ibùdó ẹ̀kọ́ mìíràn ní 2010 tí ènìyàn lè ti gba ìwé ẹ̀rí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Ní ìlú Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas, níbi tí Cessna àti Beech ti dàgbà, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà ní ibùdó ńlá sí ẹ̀bá pápá ọkọ̀ òfurufú. Ibi tí iṣẹ́ wà ni wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí. Àwa kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí ibi tí wọ́n ti bí ìyá olóṣèlú.

OHUN TÍ WỌ́N Ń KỌ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ kékeré ni. Wọ́n ń kọ́ wọn láti ka àwòrán iṣẹ́ bí a ti ń ka ìwé. Wọ́n ń kọ́ wọn láti lu ihò tí kò fẹ̀ jù tí kò sì wọ́, nítorí pé ihò tí ó bá fi ìwọ̀n irun orí kan fẹ̀ jù lè di orísun ìlà fífọ́ ní apá ọkọ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn ní wáyà iná, ní ẹ̀rọ tí a ń fi òróró inú páìpù tì, ní bí a ti ń tún irin pẹlẹbẹ ṣe, àti bí a ti ń fi okùn kábọ̀nù àti gọ́ọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ ìgbàlódé tí ó fúyẹ́ ju irin lọ. Wọ́n ń kọ́ wọn láti ka irinṣẹ́ wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ó parí, nítorí pé sípánà kan tí a gbàgbé sínú ọkọ̀ lè pa ọgọ́rùn-ún ènìyàn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ di mẹ́káníìkì tí òfin mọ̀ ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ parí ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, tàbí kí ó fi ìrírí oṣù 18 hàn fún ara ọkọ̀ tàbí fún ẹ́ńjìnnì, oṣù 30 bí ó bá fẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ ìdánwò, yóò fi ẹnu dáhùn, yóò sì fi ọwọ́ ṣe é lójú olùdánwò. Nígbà tí ó bá yege, orúkọ rẹ̀ ni yóò máa wà nínú ìwé ọkọ̀: "Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ yìí." Àwọn wo nínú àwọn aláṣẹ wa ni ó tíì fi orúkọ sí iṣẹ́ tí ó ṣe, kí ẹ̀mí ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì wà lórí ìbuwọ́lùwé rẹ̀?

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyè méjì, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 5 oṣù January ọdún 2024, ọkọ̀ Boeing 737 MAX 9 ti ilé-iṣẹ́ Alaska Airlines gbéra ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon. Kò pẹ́ tí ó dé òkè tí ìbòrí tí wọ́n fi dí àyè ilẹ̀kùn kan já kúrò lára rẹ̀, tí ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èrò. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni kò kú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba wádìí rẹ̀, bóòtù 4 tí ó yẹ kí ó di ìbòrí náà mú kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti tú u ní ilé-iṣẹ́ láti tún nǹkan mìíràn ṣe, wọn kò sì dá bóòtù náà padà. Ní oṣù June 2025, ìgbìmọ̀ náà sọ ìdí rẹ̀ gbangba: Boeing kò fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́, ìtọ́sọ́nà àti àbójútó tí ó tó. Ẹ ò rí i? Ilé-iṣẹ́ tí ó kún fún ọ̀mọ̀wé ni o. Bóòtù mẹ́rin ni ó dójú tì í lójú gbogbo ayé.

ÀWỌ̀ KÌ Í DÍ ỌWỌ́ LỌ́WỌ́

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ òyìnbó ni ọkọ̀ òfurufú, pé Ọlọ́run kò dá a mọ́ àwa. Irọ́ ni, irọ́ amúnisìn sì ni. Ní Chicago, àwọn mẹ́káníìkì ọkọ̀ ilẹ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, Cornelius Coffey àti John C. Robinson, kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú Curtiss-Wright. Wọ́n gbà wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ tí wọ́n rí àwọ̀ wọn, wọ́n ní kò sí àyè mọ́. Àwọn ọkùnrin náà kò padà sílé láti sunkún. Wọ́n fi ilé-ẹjọ́ halẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ṣílẹ̀kùn, wọ́n parí ẹ̀kọ́ ní 1931. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní 1935, nígbà tí Ítálì fẹ́ gbé Ethiopia mì, Robinson wọkọ̀ lọ sí Addis Ababa, ó sì fò fún Ọba Haile Selassie. Ó tún padà lọ ní 1944 láti kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1954.

Lónìí, Ethiopia ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún awakọ̀ òfurufú àti mẹ́káníìkì, ó ń tún ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà láti tún tiwọn ṣe, tiwa náà wà nínú wọn. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Ìpinnu wọn ni ó yàtọ̀.

KÍ Ẹ ṢỌ́ OLÓWÓ

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun gbogbo tí Amẹ́ríkà ṣe ni ó dára. Ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára àṣìṣe wọn pẹ̀lú.

Ní 2003, ìpínlẹ̀ Washington dín owó orí Boeing kù ní bílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta ó lé, kí wọ́n lè máa to ọkọ̀ 787 níbẹ̀. Ní 2009, Boeing mú ìlà kejì ọkọ̀ náà lọ sí South Carolina, ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò lágbára, níbi tí owó ìlú ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2013, Washington tún na ọwọ́: ẹ̀dínwó owó orí tí wọ́n fojú díwọ̀n sí bílíọ̀nù dọ́là 8.7 títí di 2040. Ní 2020, wọ́n mú olórí ẹ̀dínwó náà kúrò nítorí ẹjọ́ òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, Boeing fúnra rẹ̀ sì fara mọ́ ọn. Ní ọdún kan náà ni ó kéde pé òun yóò kó gbogbo iṣẹ́ 787 kúrò ní Everett. Owó ìlú lọ, ẹ̀kọ́ ìlú lọ, iṣẹ́ náà sì lọ.

Kí ni ó ṣẹ́kù fún àwọn òṣìṣẹ́? Ohun méjì tí ẹnikẹ́ni kò lè kó lọ: ìmọ̀ ọwọ́ wọn àti ìṣọ̀kan wọn. Ní oṣù September 2024, àwọn òṣìṣẹ́ Boeing bí 33,000 dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méje kí wọ́n tó padà ní oṣù November, pẹ̀lú àfikún owó ọ̀yà ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́rin. Ọ̀gá lè kó ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n kò lè rí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ṣà ní ìta bí ẹni ṣa ekùrọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé kí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ti ará ìlú, kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ọmọ lè gbé lọ síbikíbi, kì í ṣe èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ̀.

ÀWA ŃKỌ́?

Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1964 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní Zaria. Ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, a kò sì kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kan kò lè kọ́ gbogbo ọwọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí ń fẹ́. Nigeria Airways tí a dá sílẹ̀ ní 1958 ti kógbá wọlé láti 2003, ọ̀pọ̀ àwọn mẹ́káníìkì àgbà tí ó kọ́ ni ó sì fọ́n ká. Ní bí ọdún kan ààbọ̀ sí méjì ni ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ńlá, èyí tí a ó yẹ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ wò láti imú dé ìrù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ni a ń gbé kọjá òkun fún àyẹ̀wò yìí, tí a sì ń fi dọ́là san owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Aero Contractors ní Ìkẹjà ti fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà lè ṣe é fún Boeing 737 nílé. Kí ni ó dé tí a kò fi sọ ọ̀kan di mẹ́wàá?

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú sí ìtòsí Ìpẹru, wọ́n ní kí ó lè máa kó irè oko. Ti Èkìtì kọ́ tirẹ̀ sí Adó. Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ ti ní tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́. A bi àwọn aláṣẹ wọ̀nyí: ẹ fi bílíọ̀nù náírà tẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò balẹ̀ sí, èló ni ẹ fi kọ́ ọmọ tí yóò dúró lábẹ́ apá ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́? Ẹni tí ó kọ́ ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ tí kò wá alágbẹ̀dẹ síbẹ̀, òrùlé lásán ni ó kọ́.

Wọ́n yóò dáhùn pé kò sí owó. Owó tí a ń fi dọ́là san fún àyẹ̀wò ní òkè òkun, ṣé kì í ṣe owó ni? Wọ́n yóò wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àgbẹ̀. Ó kàn án! Ọwọ́ tí ó mọ wáyà iná, tí ó mọ irin jíjó, tí ó mọ ẹ̀rọ olóròóró, ọwọ́ náà ni yóò tún katakata ṣe, òun ni yóò tún ẹ̀rọ gàrí àti ẹ̀rọ epo ṣe nígbà tí ó bá dákú lójú oko. Bí alágbẹ̀dẹ kò bá rọ ọkọ́, èékánná ni àgbẹ̀ yóò fi ro oko.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò ṣòro láti yé ni. A ń béèrè pé kí ìpínlẹ̀ tí ó bá ní pápá ọkọ̀ òfurufú dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àjọ tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní ilẹ̀ wa yóò fọwọ́ sí. Kí wọ́n ra ọkọ̀ tí kò fò mọ́ fún àwọn ọmọ láti máa tú, kí wọ́n sì máa tò ó padà. Kí wọ́n pe àwọn mẹ́káníìkì àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì wá láti kọ́ni, kí ìmọ̀ wọn má bàa bá wọn wọ ilẹ̀. Kí ìdajì ìgbìmọ̀ tí yóò máa darí rẹ̀ jẹ́ àwọn ará ìlú, kí àgbẹ̀ sì wà nínú wọn. Kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún ọmọbìnrin gẹ́gẹ́ bí ti ọmọkùnrin, nítorí bóòtù kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Ní 1955, nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn kan fi wá ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní a ó sọ gbogbo ọmọ àgbẹ̀ di akọ̀wé, oko yóò sì di igbó. Ẹ̀kọ́ náà kò pa wá. Ohun tí ó ń pa wá ni pé a dúró síbi gègé, a kò tẹ̀ síwájú dé ibi irinṣẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, nígbà tí olóṣèlú bá tún dé ìlú yín láti béèrè ìbò, tí ó ń ṣèlérí pápá ọkọ̀ òfurufú, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọmọ ta ni yóò di bóòtù rẹ̀?" Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ẹ̀yin bàbá, bí ọmọ yín bá ń tú rédíò inú ilé palẹ̀ láti mọ ohun tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má ṣe nà án. Orí rẹ̀ kò kú. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń jí.